Orí Kẹjọ: Ọpọ́n Ayò Nínú Ẹ̀rọ

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ẹni tí ó tún ààfin kọ́ bá mọ ẹnu ọ̀nà tí ọba ń gbà yọ sí àwọn ìjòyè, tí ó mọ ibi tí àwọn ìjòyè ń dọ̀bálẹ̀ sí, tí ó sì mọ ojúbọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún kúrò ní ipò rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe pé páànù tí ń dán àti ọ̀dà mèremère nìkan ni ó gbójú lé, ilé olówó ni ó kọ́, kò kọ́ ààfin. Títún eré àtijọ́ dá sínú kọ̀ǹpútà àti fóònù ti di iṣẹ́ ńlá láyé òde òní, àwọn ilé-iṣẹ́ ń náwó nára lé e lórí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan nínú wọn ti fi ìka àbámọ̀ bọnu lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é tán, nítorí pé ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn dáadáa, ṣùgbọ́n ojú wọn kò ríran rí ohun tí ó jẹ́ ojúbọ nínú eré tí wọ́n dáwọ́ lé.

Eré tí mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ni ayò ọlọ́pọ́n, baba eré ìmọ̀ràn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ibi tí mo sì fẹ́ kí òǹkàwé máa fojú inú wò bí a ti ń bá a lọ ni ìhà ìwọ̀-oòrùn Èkó, Èkó akéte ilé ọgbọ́n, lójú títì márosẹ̀ tí ó lọ sí Àgbádárìgì, níbi tí Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò ti fara kọ́ra. Ìlú Àwórì ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà, wọ́n ti ní ọba àti ìjòyè kí títì ọlọ́dà tó gba ibẹ̀ kọjá, ayò kì í sì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wọn. Ní àgbègbè kan náà ni ọjà Alábà wà, ọjà àwọn ẹlẹ́rọ tí òkìkí rẹ̀ ti ré kọjá ibodè Sẹ̀mẹ̀, níbi tí ènìyàn ti lè ra ẹ̀rọ géèmù, tuntun tàbí àlòkù, tí ó sì lè rí ọmọkùnrin kan tí yóò tú u palẹ̀ sórí tábìlì, tí yóò fọ eruku inú rẹ̀, tí yóò sì tún un tò padà kí ẹni tí ó gbé e wá tó jẹ oúnjẹ ọ̀sán tán. Kò sì jìnnà sí ọjà náà ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà, èyí tí ìjọba Alàgbà Lateef Jakande dá sílẹ̀ ní 1983, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọpọ́n wà níbẹ̀, ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni yóò bá tún ayò dá sínú ẹ̀rọ bí ó ti yẹ kí a tún un dá, n kò mọ ibi tí ó tún yẹ kí ó ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tẹ́ ọpọ́n ná, nítorí àwọn ọmọ wa tí wọ́n mọ ayò lórúkọ nìkan. Ihò 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, 6 lọ́dọ̀ ẹni kìíní, 6 lọ́dọ̀ ẹni kejì. Ọmọ ayò 4 ni a ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 48. Ẹni tí ó kàn láti ta yóò kó gbogbo ọmọ inú ihò kan ní ìhà tirẹ̀, yóò máa fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ihò tí ó tẹ̀lé e lọ sí apá ọ̀tún, bí ó bá sì dé igun ọpọ́n, yóò yí wọ ìhà ẹnìkejì rẹ̀. Bí ọmọ tí ó kẹ́yìn bá bọ́ sínú ihò ẹnìkejì, tí ó sì sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ di 2 tàbí 3, ó jẹ wọ́n nìyẹn. Bí ihò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá tún jẹ́ 2 tàbí 3, yóò jẹ ìyẹn pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa jẹ padà sẹ́yìn títí yóò fi kan ihò tí kò rí bẹ́ẹ̀, tàbí tí ìhà ẹnìkejì yóò fi tán. Ẹni tí ó bá jẹ ju 24 lọ ni ó borí.

Ká ní mo ní ọmọ 4 nínú ihò mi kẹrin láti apá òsì, tí ihò kìíní ẹni tí mo ń bá ta ní 2, tí ihò rẹ̀ kejì sì ní 1. Mo kó 4 yẹn: ọ̀kan bọ́ sínú ihò mi karùn-ún, ọ̀kan sínú ìkẹfà, ọ̀kan sínú ihò rẹ̀ kìíní, ó di 3, èyí tí ó kẹ́yìn sínú ihò rẹ̀ kejì, ó di 2. Mo jẹ 2, mo bojú wẹ̀yìn, mo jẹ 3, ọmọ 5 sì di tèmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Ohun tí ó wá sọ ayò di ayò, lójú tèmi, ni odù. Nígbà tí ènìyàn bá ń tọ́jú ihò kan, tí ó kọ̀ tí kò ta á, tí ọmọ inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i títí ó fi lè yí ọpọ́n po, odù ni ó ní lọ́wọ́ yẹn. Òfin rẹ̀ sì ni pé bí a bá ta á, tí ó yí ọpọ́n po tí ó tún dé ibi tí a ti kó o, a kì í fi ọmọ kankan sínú ihò náà, ńṣe ni a ń fò ó kọjá. Òfin kékeré tí ẹni tí kò mọ̀ lè fojú rénà ni, ṣùgbọ́n ẹ wo agbára rẹ̀. Ká ní odù mi wà ní ihò mi kẹfà, ọmọ 15 ni ó sì wà nínú rẹ̀, tí ihò mẹ́rin àkọ́kọ́ ní ìhà ẹnìkejì mi ṣófo. Bí mo bá ta á, ọmọ 11 yóò kárí gbogbo ihò yòókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, n óò fo ihò mi kẹfà, ọmọ 4 tí ó kù yóò sì tún bọ́ sínú ihò mẹ́rin wọ̀nyẹn tí ó ti ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di méjì-méjì, mo sì jẹ 8. Ẹni tí ó rò pé ilé òun ṣófo, pé kò sí ohun tí olè lè kó níbẹ̀, ni a kó lọ bẹ́ẹ̀. Ní tòótọ́, òfo ilé rẹ̀ gan-an ni ó pa á.

Bí ẹni tí ń kọ ètò ayò sínú kọ̀ǹpútà kò bá mọ òfin fífò yìí, iṣẹ́ rẹ̀ lè dára lójú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Igi ọpọ́n lè máa dán bí igi ìrókò tí a fi epo pa, ọmọ ayò lè máa dún wọlé wọ ihò bí ẹni pé létí ènìyàn ni ó wà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àgbàlagbà kan bá ta odù ọlọ́mọ 15 lórí fóònù náà, ọmọ kejìlá yóò já sínú ihò tí a ti kó o, mẹ́ta tí ó kù yóò dé ihò kẹta, baba náà yóò sì jẹ 6 dípò 8. Kò ní bínú púpọ̀. Yóò kàn dá fóònù padà fún ẹni tí ó ni ín ni.

Irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí, àní ní gbangba. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, Nokia 3310, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún tí ó ṣáájú, sì di fóònù tí tolówó tòtòṣì mọ̀. Eré kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ Bantumi, ihò 6 níhìn-ín, ihò 6 lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wò ó, wọ́n ní, “Ayò rèé!” Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọmọ 4 wa ti ìṣáájú wá sínú Bantumi. Mo kó o láti ihò kẹrin: ọ̀kan sí ìkarùn-ún, ọ̀kan sí ìkẹfà, ọ̀kan sínú ihò ìṣúra ńlá tí ó wà ní igun, tí ó jẹ́ ibi ìkójọ èrè mi, ọ̀kan sínú ihò kìíní ẹnìkejì mi. Ó tán. Ẹyọ kan péré ni mo rí níbi tí mo ti jẹ 5 lórí ọpọ́n baba mi. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe 2 tàbí 3 ni a fi ń jẹ níbẹ̀: ọmọ tí ó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ihò òfìfo ní ìhà tèmi kí n tó lè kó ohun tí ó dojú kọ ọ́ lọ́hùn-ún, bí ó bá sì bọ́ sínú ìṣúra, èmi ni n óò tún ta. Òfin eré mìíràn ni wọ̀nyí, èyí tí wọ́n ń pè ní Kalah, tí William Julius Champion, ará Amẹ́ríkà, ṣètò rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1940. Eré tí ó dùn ni, n kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Mo mọ àwọn tí ó bá wọn kẹ́gbẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ láti Mile 2 dé Okokomáíkò nígbà tí ọ̀nà náà bàjẹ́ jù. Ṣùgbọ́n odù kò nítumọ̀ kan náà níbẹ̀, ọgbọ́n tí ọwọ́ àgbà ti kọ́ kò sì bá a lọ.

Mo lo ọ̀rọ̀ náà “ọwọ́” tìfura-tìfura. Ọ̀ta ayò, ìyẹn ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta, kì í jókòó ka ọmọ bí ẹni ń ka owó. Ojú rẹ̀ ti mọ bí ihò ọlọ́mọ 7 ti rí, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ ibi tí yóò dé kí ọpọlọ tó fọhùn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi kó ìmọ̀ yìí jọ, ara òfin eré náà gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ni ó sì kọ́ ọ lé, àti èyí tí ó gún àti èyí tí ó wọ́. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tí ó bá tún eré dá, tí ó rò pé òun ń ṣe oore, tí ó ká àkísà náà dànù, ìmọ̀ àwọn àgbà eré náà ni ó kó sórí ààtàn.

Àwọn òyìnbó tí ń ta eré ogun orí kọ̀ǹpútà kẹ́kọ̀ọ́ yìí ní ọ̀nà méjì tí ó yàtọ̀, ilé-iṣẹ́ kan náà, Blizzard, ni ó sì kọ́ ọ lọ́nà méjèèjì. Eré kan wà tí ń jẹ́ StarCraft, tí wọ́n gbé jáde ní 1998, tí ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń kó ogun ja ara wọn nínú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè South Korea gbé e gẹ̀gẹ̀ débi pé àwọn ọ̀dọ́ ń fi í jẹun, tẹlifíṣọ̀n sì ń gbé ìdíje rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2017, wọ́n ya gbogbo àwòrán rẹ̀ ní ọ̀tun, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan egungun rẹ̀. Nínú eré àtijọ́ náà, ọmọ ogun 12 péré ni ènìyàn lè ṣà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan láti pàṣẹ fún. Ìnira ni èyí, ẹ̀rọ òde òní kò nílò rẹ̀, síbẹ̀ 12 ni wọ́n fi í sí. Ẹ̀dá abìyẹ́ kan sì wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ mutalisk: bí ènìyàn bá ṣa 11 nínú wọn pọ̀ mọ́ ẹ̀dá kan ṣoṣo tí ó wà lọ́nà jíjìn, gbogbo àwọn 11 náà a rọ́ mọ́ ojú kan bí ẹni pé ẹyọ kan ni wọ́n, wọn a sì máa ta ọfà lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tí ó pèrò bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ètò náà. Àwọn aṣeré ni ó ṣàwárí rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́ tí a fi ń mọ akọni yàtọ̀ sí ojo. Àwọn atúnṣe fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Bọ́tìnnì kan ni ènìyàn sì ń tẹ̀ tí àwòrán tuntun yóò fi parẹ́ tí ti àtijọ́ yóò padà, tí ìjà kò sì ní dúró. Ẹni tí ó ní àtijọ́ àti ẹni tí ó ra tuntun lè bá ara wọn jà láìsí ìyàtọ̀.

Ọdún mẹ́ta kò pé lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní 2020, ilé-iṣẹ́ náà gbé àtúnṣe Warcraft III jáde, eré ogun tirẹ̀ mìíràn tí ó ti wà láti 2002. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Àwòrán tuntun wà, ṣùgbọ́n àtẹ tí a fi ń to àwọn aṣeré léraléra gẹ́gẹ́ bí agbára wọn kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí àwọn aṣeré ń dá sílẹ̀ láàárín ara wọn kò sí. Èyí tí ó sì dun àwọn ènìyàn jù ni pé ẹni tí kò ra tuntun rárá bá a pé ti àtijọ́ tí ó wà lọ́wọ́ òun ti yí padà. Igbe ta. Ilé-iṣẹ́ náà dá owó padà fún ẹni tí ó bá béèrè. Ní ọdún kan náà ni ilé-iṣẹ́ mìíràn, Electronic Arts, tún eré ogun Command & Conquer ti 1995 ṣe; wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Petroglyph, ilé-iṣẹ́ tí àwọn kan lára àwọn tí ó ṣe ti àkọ́kọ́ wà, wọ́n sì tú ètò inú eré náà fáyé rí kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Ọ̀nà àgbà nìyẹn.

Ìdí kan tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ìfẹ́ tàbí ìrántí tún wà tí irú eré báyìí fi gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ara rẹ̀, ìmọ̀ ẹ̀rọ gan-an ni ó sì bí i. Nígbà tí àwọn ará ilé-iṣẹ́ Ensemble Studios ń ṣe eré ogun Age of Empires, tí ó jáde ní 1997, wọ́n fẹ́ kí ẹni 8 lè kó ọmọ ogun rẹpẹtẹ pàdé lórí okùn tẹlifóònù, okùn tí kò lè gbé ju 28,800 ẹyọ àmì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò ṣeé ṣe láti máa fi ibi tí ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan dúró sí ránṣẹ́ sí gbogbo kọ̀ǹpútà. Okùn náà yóò fún pa. Paul Bettner àti Mark Terrano, méjì lára àwọn ará ilé-iṣẹ́ náà, ṣàlàyé ní 2001 bí wọ́n ti ṣe é: àṣẹ nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, pé kí àwọn kan lọ síbí, kí àwọn kan kọlu tọ̀hún, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan a sì máa ṣírò gbogbo ogun náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìgbẹ́kẹ̀lé pé ohun tí òun ṣírò ni àwọn yòókù náà ṣírò. Bí ìyàtọ̀ bíńtín bá wọ̀ ọ́, wàhálà dé. Wọ́n ní bí àgbọ̀nrín kan bá dúró sí ibi tí ó fi díẹ̀ yàtọ̀ lórí ẹ̀rọ ẹnìkan, yóò jẹko gba ibòmíràn, láìpẹ́ ọdẹ tí ń lépa rẹ̀ yóò ṣìnà, ọ̀kọ̀ rẹ̀ yóò tàsé, kò ní gbé ẹran délé, láti orí ẹran tí kò délé yìí ni ayé méjì yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí oníkálukú yóò máa ja ogun tí ẹnìkejì kò rí.

Ẹ gbé èyí wá sórí ayò. Ọmọbìnrin kan jókòó sí Okokomáíkò, baba rẹ̀ àgbà jókòó sí Ìbà, wọ́n ń ta ayò lórí fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń wá, ó ń lọ, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ohun tí fóònù kan nílò láti sọ fún ìkejì kò ju ẹyọ nọ́ńbà kan lọ, láti 1 dé 6: ihò tí a ta. Àmì 3 péré ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Èmi kò mọ eré mìíràn tí ó ní ìjìnlẹ̀ tó báyìí tí dátà rẹ̀ pọ́ńkú tó báyìí. Àwọn baba wa ṣe é bí ẹni tí ó ti mọ̀ pé ọmọ wọn yóò máa ra dátà lówó gọbọi. Ṣùgbọ́n bí ètò orí fóònù ọmọ kò bá mọ òfin odù tí ti baba mọ̀, lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá sọ pé “mo ta 6” lórí ọmọ 15, ọmọ 8 ni yóò jẹ lọ́hùn-ún, 6 níhìn-ín, láti ìgbà náà lọ ọpọ́n méjì ni wọ́n ń ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan a sì máa rò pé ojú ẹnìkejì òun ti ń fọ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti bá ayò jìnnà ju báyìí lọ. Ní 2002, ní Yunifásítì Vrije tí ó wà ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal fi ẹ̀rọ 144 tí a so pọ̀ ṣe iṣẹ́ kan tí ó gbà wọ́n ní wákàtí 51, wọ́n sì ṣírò ohun tí yóò gbẹ̀yìn ìdúró ọmọ ayò 889,063,398,406 lójú ọpọ́n, lórí irú ayò tí wọ́n ń pè ní Awari, ọmọ ìyá ayò wa. Ọ̀nà tí wọ́n gbà jọ mí lójú: láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ wo ọpọ́n tí ọmọ díẹ̀ péré ṣẹ́kù sí, tí kò ṣòro láti mọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ọ̀kan kún un, wọ́n sì lo èyí tí wọ́n ti mọ̀ láti fi mọ èyí tí wọn kò mọ̀, títí wọ́n fi dé 48. Àbọ̀ wọn ni pé bí ẹni méjèèjì bá ta á láìṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni, 24 sí 24. Ṣáájú wọn, ní 1995, Duane Broline àti Daniel Loeb ti fi hàn pé iye ọmọ tí ó wà nínú irú ìdúró kan tí ènìyàn fi lè máa jẹ láìdáwọ́ dúró ní í ṣe pẹ̀lú nọ́ńbà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń wọn òbìrí. Ta ni ó rò pé òbìrí yóò jáde látinú ihò ayò?

Ìyanu ni iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kó gbogbo rẹ̀ sínú fóònù, tí ó sì ní òun ti tún ayò dá, ó ṣì ku díẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó mọ gbogbo ìdáhùn kò ní ẹnu, ayò sì jẹ́ eré ẹlẹ́nu. Ẹni tí ó bá dé bá àwọn tí ń ta ayò kì í kí wọn ní ẹ káàsán lásán, ó ń wí pé, “Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ.” Ọ̀ta ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta, ọ̀pẹ ni ẹni tí a ń nà. Èsì tí yóò jáde ni pé, “Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ fọhùn,” gbogbo èrò ìdí ọpọ́n a sì bú sẹ́rìn-ín, nítorí pé ojú gbogbo wọn ti lọ sára ẹni tí kò gbọdọ̀ fọhùn. Nínú àwàdà náà ni ìjà wà. Èébú ọ̀rẹ́ a máa mú kí ènìyàn tètè ta odù tí ì bá tọ́jú. Ìyìn òǹwòran a máa tú àṣírí ihò tí ẹnìkan fẹ́ dákẹ́ lé lórí. Mo ti rí ètò ayò lórí fóònù tí ó fi orin dùrù òyìnbó sí abẹ́ eré, tí ó sì ní kí ènìyàn tẹ àwòrán ojú tí ń rẹ́rìn-ín bí ó bá fẹ́ bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ilé olówó nìyẹn. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò jẹ́ kí ohùn ènìyàn wọ ìdí ọpọ́n náà, ti aṣeré àti ti òǹwòran, ìyẹn ni yóò sì náni ní dátà ju ayò fúnra rẹ̀ lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ òfin tí kò dọ́gba láti ìlú dé ìlú. Bí ẹnìkan bá ta á tí ó lè jẹ gbogbo ọmọ tí ó wà ní ìhà ẹnìkejì láìṣẹ́ ku ẹyọ kan, àwọn kan ní kí ó jẹ ẹ́, àwọn kan ní kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, àwọn mìíràn ní kò tilẹ̀ gbọdọ̀ ta á bí ó bá rí ibòmíràn ta. Bí ihò ẹnìkan bá ṣófo pátápátá, ó di dandan lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn kí ẹnìkejì ta èyí tí yóò fún un ní ọmọ, bí ó bá ní irú rẹ̀. Ní ti ẹni tí ó ni ìyókù bí kò bá ní irú rẹ̀, ẹnu kò kò. Ìwé tí A. O. Odeleye kọ lórí ayò, tí ó jáde ní Ìbàdàn ní 1977, wúlò fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ètò irú èyí, ṣùgbọ́n bí mo bá ní àṣẹ, n óò ní kí ètò náà bi àwọn méjèèjì léèrè kí wọ́n tó ta ọmọ àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí ará Ìbà tí ó lọ jókòó ti ọpọ́n lọ́dọ̀ ará Ìjẹ̀bú yóò ti béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, báwo ni ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ yín?” Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí ni kí fóònù méjèèjì kọ sílẹ̀, kí ó sì hàn lókè ọpọ́n títí eré yóò fi parí.

Ìparí eré náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ọmọ 2 tàbí 3 ṣẹ́kù, wọ́n sì ń lé ara wọn yí ọpọ́n po, ẹnikẹ́ni kò lè jẹ ẹ́. Kọ̀ǹpútà lè mọ èyí kíákíá: yóò máa tọ́jú ìdúró kọ̀ọ̀kan tí ó ti kọjá àti ẹni tí ó kàn láti ta nígbà náà, bí irú rẹ̀ bá sì tún padà, ó mọ̀ pé àyípo ni. Ó lè dá eré dúró lójú ẹsẹ̀, kí ó sì pín ìyókù fún wọn. N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lórí ọpọ́n onígi, àwọn aṣeré méjèèjì ni ó ń mọ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́, ọ̀kan a ní ká pín in, èkejì a kọ̀, a ní òun ṣì rí ọ̀nà kan, wọn a tún yí i po lẹ́ẹ̀mejì sí i pẹ̀lú ariwo, nígbà mìíràn ọ̀pẹ tí ara ń ni a sì ṣèèṣì ta èyí tí kò yẹ kí ó ta. Kí ẹ̀rọ náà kàn fi àmì kékeré hàn pé ìdúró yìí ti wáyé rí, kí ó sì fi pínpín sílẹ̀ fún ẹni tí ń ta ayò.